Sáìtì kòkó kan ní Àkúrẹ́, àti ibi tí owó ẹ̀ ti ń wá gan-an

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa nítòsí South Gate FUTA pé bọ̀dá, ẹ bá mi ṣe wẹ́bùsáìtì, mo fẹ́ máa gba dọ́là, tí mo bá ní kí lẹ fẹ́ máa kọ síbẹ̀, wọ́n á ní ohunkóhun tó bá ṣáà ti ń mówó wọlé. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Ìtàn ọmọkùnrin tó ni sáìtì kòkó yìí ni mo máa ń sọ fún wọn, torí mo mọ̀ ọ́n látìbẹ̀rẹ̀, èmi ni mo bá a ra orúkọ sáìtì ọ̀hún, iwájú mi ló ti máa ń ṣí àkáǹtì ẹ̀, òun náà sì ti ní kí n kọ ọ́ tí mi ò bá ṣáà ti dárúkọ òun. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ lọmọ náà kà ní FUTA. Bàbá ẹ̀ ní oko kòkó lójú ọ̀nà Ìdànrè, oko àtijọ́ ni, àwọn igi kan wà níbẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tó bàbá fúnra ẹ̀. Nígbà tó sin ìlú tán tí iṣẹ́ ò yọjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nípa kòkó lédè òyìnbó, bí wọ́n ṣe ń gbìn ín, bí wọ́n ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, bí wọ́n ṣe ń sá a, fọ́tò tó fi fóònù ara ẹ̀ yà lóko ló sì ń lò, kì í ṣe èyí tó kó lórí Google. Ìparí 2023 nìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kòkó lọ́dún tó tẹ̀ lé e, oṣù kẹta 2024 ni tọ́ọ̀nù kan kọjá $10,000 fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jà New York, làwọn tó ti gbàgbé pé bàbá àwọn ní oko ní Ilé-Olújì bá ń ti Èkó bọ̀ wáá béèrè ààlà, làwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Alágbàkà náà bá ń wá ilẹ̀ tí wọ́n máa fi gbin kòkó. Gbogbo ayé ń wá ọ̀rọ̀ kòkó lórí fóònù. Nígbà tí òjò wáá dé, péèjì tó kọ nípa àrùn tó ń mú kí èso kòkó dúdú lórí igi, èyí tí kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Phytophthora ń fà, ìyẹn ló gba iwájú gbogbo ohun tó kọ. Àwọn èèyàn rọ́ débẹ̀ lóòótọ́.

Ó ti fi AdSense síbẹ̀ kó tó dìgbà yẹn. Google ló ni AdSense, ó ti wà láti 2003, kò sì le ju báyìí lọ: ìwọ lo ni àyè, oníṣòwò ló ni ìpolówó, Google wà láàárín, ó ń bá ẹ pàtẹ àyè ẹ fún ẹni tó bá máa san jù. Tówó ẹ bá ti wọ $10, wọ́n á fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ẹ, nọ́ńbà mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀ tó o máa lọ tẹ̀ sínú àkáǹtì, oṣù mẹ́rin ni wọ́n fún ẹ, tó o bá kọjá ẹ̀ wọn ò ní gbé ìpolówó síbẹ̀ mọ́. Owó ò sì ní kúrò lọ́wọ́ wọn títí á fi pé $100. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Àkúrẹ́ náà mọ bí àdírẹ́sì ṣe ń rí níbí, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ aláta kẹ́ ẹ béèrè ilé bàbá onímọ́tò. Àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù wa ló lò. Nígbà tí lẹ́tà dé, èmi àtiẹ̀ la jọ lọ gbà á ní pósítọ́fíìsì, pépà funfun pẹlẹbẹ kan báyìí tí wọ́n lẹ̀ létí yí po, èèyàn ní láti fa etí ẹ̀ ya kó tó ṣí, ìyá tó fún wa wò ó síwá wò ó sẹ́yìn, ó ní ọmọ, ṣé físà lèyí ni? Ọmọ ní rárá mà, owó ni. Màmá ní owó wo ló lè wà nínú ìwé pẹlẹbẹ yìí?

Kò parọ́, torí owó ọ̀hún ò tó nǹkan. Lóṣù tí wọ́n ṣí àwọn péèjì ẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 20,000, $11 ló rí. Ó gbé láàpù ẹ̀ wá, ojú ẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, ó ní bọ̀dá, ṣé wọ́n ń yàn mí jẹ ni? Mo ní ká wo àwọn tó ń kà á ná. A wáá ṣí i. Gánà, Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, díẹ̀ láti Íńdíà, orí fóònù ni gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà, alẹ́ ni wọ́n sì máa ń wá jù. A wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí Google kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, la bá rí i pé ìdí mẹ́rin tí kòkó fi ń dúdú ni wọ́n ń wá, ọ̀nà márùn-ún tí a fi lè dènà ẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín. Àgbẹ̀ wo ló ń béèrè ọ̀nà márùn-ún? Ọ̀nà kan ṣoṣo tó bá ṣiṣẹ́ ti tó àgbẹ̀! Ọmọ iléèwé ni gbogbo wọn, asáìmẹ́ńtì ni wọ́n ń ṣe, tí wọ́n bá ti da ọ̀rọ̀ ẹ̀ kọ tán wọ́n á ti i pa.

Báyìí, oníṣòwò tó ń sanwó ìpolówó, kí ló fẹ́ ta fún ọmọ tó ń ṣe asáìmẹ́ńtì láago mẹ́wàá alẹ́? Ìpolówó tẹ́tẹ́ ló ń jáde níbẹ̀, tẹ́tẹ́ àti àwọn tó ń yáni lówó orí fóònù. Iye tí wọ́n ń dá lórí ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kéré gan-an. Google ò yàn án jẹ, nínú 100 tí oníṣòwò bá san, nǹkan bíi 68 ló ń kan ẹni tó ni sáìtì, láti 2024 sì ni wọ́n ti ń sanwó lórí iye ìgbà tí ìpolówó hàn, kì í ṣe lórí iye ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n 68 nínú owó tí ò tó nǹkan, ṣebí kò tó nǹkan náà ni. Èyí tó ń dùn mí ni pé péèjì yẹn dáa o, ó kọ ọ́ dáadáa, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gé èso tó ti bàjẹ́ kúrò lóko, bí wọ́n ṣe ń ya ẹ̀ka kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí wọ́n tó máa sọ̀rọ̀ oògùn tó ní kọ́pà nínú. Dídára ò kan owó níbẹ̀ yẹn.

Ibi tó wà nìyẹn tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ fi ní àwọn máa ràn án lọ́wọ́.

Wọ́n ní gúrúùpù kan lórí WhatsApp, àwọn tí wọ́n jọ ṣe fẹ́lóṣíìpù nígbà tí wọ́n wà ní iléèwé. Ó ti fi línkì síbẹ̀ pé kí wọ́n bá òun kà á. Ọ̀kan nínú wọn ló mọ̀ pé ìpolówó ló ń mówó wọlé, ló bá sọ fún àwọn yòókù pé tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀ ẹ máa tẹ ìpolówó, ẹ ràn bùrọ́dá lọ́wọ́, àádọ́ta lé ni wọ́n, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, wọ́n tún ń kọ ọ́ sí gúrúùpù pé mo ti ṣe tèmi o, àwọn kan ń fi àmín tì í. Wọn ò sọ fún un, wọ́n fẹ́ kó bá a lójijì. Òun wo àkáǹtì, owó ti ń gòkè, lójú ẹ̀ àdúrà ti gbà.

Kò pẹ́ rárá. Ó jí lọ́jọ́ kan ó bá ọ̀rọ̀ pupa lókè àkáǹtì pé wọ́n ti dín ìpolówó tí wọ́n ń gbé sórí sáìtì ẹ̀ kù nítorí pé àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ò jọ ẹni tó fẹ́ rajà. Owó tó rí lóòjọ́ di sẹ́ńtì mélòó kan. Nígbà tóṣù parí tí wọ́n ṣírò owó ẹ̀, wọ́n yọ gbogbo ohun tí ìtẹ̀kútẹ̀ yẹn mú wá kúrò, torí iye téèyàn ń rí lóṣù yẹn, àfojúbù ni, ìparí oṣù ni wọ́n tó ń sọ èyí tó jẹ́ tẹni. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó yé yín, òfin wọn wà nílẹ̀ kedere: o ò gbọ́dọ̀ tẹ ìpolówó orí sáìtì ara ẹ, o ò sì gbọ́dọ̀ ní kẹ́lòmíì bá ẹ tẹ̀ ẹ́. Oníṣòwò kan ló ń sanwó níbì kan fún gbogbo ọwọ́ tó ń kàn án yẹn, olè ni tá a bá ń pè é lórúkọ tó jẹ́. Wọ́n máa ń ti àkáǹtì ẹlòmíì pa pátápátá, tiẹ̀ ò dé ibẹ̀.

Ó bínú sí wọn, ọ̀kan fèsì pé ṣé oore la ṣe tó di ibi? Gúrúùpù dàrú lọ́jọ́ náà. Mo ní kó fi ìjà sílẹ̀, kó ní kí wọ́n ṣíwọ́, kó yọ línkì yẹn kúrò, kó sì dín ìpolówó tó kó sórí péèjì kù torí ó ti pọ̀ jù, téèyàn bá fẹ́ ṣí ọ̀rọ̀ kan ọwọ́ ẹ̀ á lọ bá ìpolówó láìmọ̀. Ìyókù, kó máa retí. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fi dín in kù kí wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Àárín àsìkò tó ń retí yẹn lọ̀rọ̀ míì yọjú. Àbúrò ẹ̀ obìnrin ló ń dán ṣokoléètì wò nílé, ó ń fi páànù ìdáná yan kòkó tó gbẹ. Ẹ̀gbọ́n dúró tì í, ó ń ya gbogbo ẹ̀: ìgbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà pàrà nínú páànù, ìgbà tí èèpo ẹ̀ sán, bó ṣe bọ́ ọ sínú atẹ tó ń fẹ́ ìyàngbò kúrò, bí èyí tó kù nínú ṣe dúdú tó ń dán. Wọ́n lọ̀ ọ́ lọ́lọ, ó ṣì ń há èèyàn léyín. Ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí, pẹ̀lú ìyẹn tó ń há léyín. Kò ro nǹkan kan sí i.

Àwọn tó wáá ń ka péèjì yẹn ò ju ìwọ̀nba lọ, wọn ò tó ìdá mẹ́wàá àwọn ọmọ asáìmẹ́ńtì, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń wá, Kánádà, Ìlú Ọba. Àwọn òyìnbó kan wà tí wọ́n máa ń ra kòkó gbígbẹ tí wọ́n á máa fi ṣe ṣokoléètì nínú ilé ara wọn, wọ́n fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń yan án láìjó. Ẹni tó ń ka irú ìyẹn, ìdáná ló wà, páálí ẹ̀rọ ìdáná ló fẹ́ ṣí. Ìpolówó tó ń jáde sí wọn yàtọ̀ pátápátá, nígbà tí AdSense sì padà bọ̀ sípò, ohun tí péèjì kékeré yìí ń pa lórí ẹgbẹ̀rún òǹkàwé kan ju ti àrùn kòkó lọ lọ́nà tó pọ̀.

Ìgbà yẹn ni mo ní kó lọ gba línkì Amazon, ọjà ńlá orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn òyìnbó ti ń rajà. Ọdún 1996 ni Amazon ti bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, tí wọ́n á fún ẹ ní línkì tí orúkọ ẹ wà lára ẹ̀, ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé tó ra nǹkan láàárín wákàtí 24, kọmíṣọ̀n ẹ wà níbẹ̀. Tó o bá wọlé, ọjọ́ 180 ni wọ́n fún ẹ láti fi ta mẹ́ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ti àkáǹtì. Ohun tó fẹ́ fi síbẹ̀ ni ẹ̀rọ olókùúta tí wọ́n fi ń lọ ṣokoléètì, èyí tí ò ní jẹ́ kó máa há léyín. Ẹ̀rọ ìdáná ń san 4.5 nínú 100, tí ẹ̀rọ bá jẹ́ $200, $9 nìyẹn. Ó máa ń dáa lójú o, àmọ́ ẹni tó rà á lè dá a padà, tó bá dá a padà wọ́n á gba kọmíṣọ̀n lọ́wọ́ ẹ, nǹkan bí oṣù méjì sì ni wọ́n fi ń dá owó dúró kí wọ́n tó san án.

Ọ̀rọ̀ kan wáá wà níbẹ̀, ọmọ yìí ò lo ẹ̀rọ náà rí. Ẹ̀rọ tó ní láti máa yí fún odindi ọjọ́ kan láìdúró, ní Àkúrẹ́ níbí, pẹ̀lú iná wa yìí? Ta ló fẹ́ ra epo jẹnẹrétọ̀ fún ṣokoléètì? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa kọ ọ́ pé òun ti lò ó, ó dùn mọ́ òun nínú. Òun kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé òun ò ní i, pé ohun tí àwọn tó ní i ń sọ lòun kó jọ, pé àwọn kan ní ariwo ẹ̀ pọ̀, pé kí wọ́n máà gbé e sí ẹ̀gbẹ́ yàrá tí wọ́n ń sùn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ náà pé tí wọ́n bá gba línkì òun rà á, òun máa rí owó níbẹ̀, èyí tí Amazon fúnra wọn sọ pé ó di dandan. Mo gbà pé ìyẹn ló tà á.

Ohun tí wọ́n rà tún pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹni kan tẹ línkì ẹ̀rọ ṣokoléètì, kò rà á, oúnjẹ ajá ló lọ rà, páálí ńlá kan, kọmíṣọ̀n sì wọlé. Torí ohunkóhun tí ẹni náà bá ti rà láàárín wákàtí 24 yẹn ló ń kà fún ẹ, àfi àwọn díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ó ní bọ̀dá, ajá òyìnbó ti ra dátà fún mi.

Ẹ má rò pé mo ti gbàgbé àwọn àgbẹ̀. Péèjì àrùn yẹn ṣì ní èèyàn tó ń fẹ́ ra nǹkan, àwọn àwùjọ ọmọ iléèwé ló bò wọ́n mọ́lẹ̀. Màmá kan wà tó ń ta oògùn kòkó ládùúgbò Arákàlẹ̀, ọmọ náà lọ bá a pé kó wá polówó lórí sáìtì òun. Mo tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀ kí màmá tán, ó ṣí fóònù, ó ní mà, èèyàn tó ń wo ibi yìí lóṣù ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ. Màmá ń kó ike oògùn sórí káńtà, kò tiẹ̀ wojú fóònù. Ó ní, “Ọmọ mi, èmi ò ta oògùn fún ẹni tó ń wo nǹkan. Mélòó nínú wọn ló máa pè mí?”

Kò sẹ́ni tó béèrè ìbéèrè tó dáa tó yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ látìgbà tó ti dá sáìtì ọ̀hún sílẹ̀, kódà Google ò bi í bẹ́ẹ̀. Kò rí èsì fọ̀. Ohun tá a wáá ṣe ni pé ó ra síìmù tuntun kan fún màmá, nọ́ńbà tí ò sí lára síínbọ́ọ̀dù, tí ò sí lára rìsíìtì, orí péèjì yẹn nìkan ló wà, ẹni tó bá pè é, ibẹ̀ ló ti rí i. Ó yọ ìpolówó AdSense kúrò lókè péèjì náà, ó fi ti màmá síbẹ̀. ₦15,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lóṣù. Màmá ra ẹ́síásàìsì búùkù, ó ń fa igi kan fún gbogbo ẹni tó bá pè, tó bá wáá ra nǹkan á yí i po. Nígbà tóṣù pé a lọ wò ó. Igi pọ̀, òdo ò pọ̀. Àwọn kan ń pè láti béèrè gámálìn, oògùn ayé àtijọ́ tí wọ́n ti fòfin dè, ọmọ iléèwé kan tiẹ̀ pè pé kí màmá bá òun dárúkọ oògùn mẹ́ta. Àmọ́ nínú àwọn òdo yẹn, ọ̀kan jẹ́ ti àwọn alájẹṣẹ́kù kan láti apá Ọ̀wẹ̀nà, páálí páálí ni wọ́n ń rà, èrè orí ọjà yẹn nìkan ju ohun tí màmá san lọ. Ó fi owó kún un fúnra ẹ̀.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e ni màmá ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé oògùn tòun nìkan ló ń ṣiṣẹ́, tàwọn tó kù, ayédèrú ni. Ọmọ ní màmá ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè kọ ìyẹn. Màmá bínú, kò san owó oṣù yẹn. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ṣì ń rọ̀, àwọn alájẹṣẹ́kù ṣì ń pe nọ́ńbà, ó ránṣẹ́ sí i pé kó máa bọ̀, wọn ò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Nígbà tí 2024 fi máa parí, AdSense ló kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló sì ní òǹkàwé tó pọ̀ jù. Ti màmá ló kọ́kọ́ ń wọlé déédéé. Ti Amazon ń lọ ń bọ̀, oṣù Kérésì ló dáa jù torí àwọn òyìnbó ń ra ẹ̀bùn, Payoneer, ilé-iṣẹ́ tó ń báni gba owó láti òkèèrè, ló sì fi ń gbà á. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ náà, nínú owó tó ń dùn mọ́ ọn nínú yẹn, náírà tó já ló ń ṣe apá kan: kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà 2023, ₦460 àti díẹ̀ ni dọ́là kan ní báńkì, ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ó ti ń lé ní ₦1,500. Dọ́là ẹ̀ ò pọ̀ sí i, àwa la kéré sí i. Dọ́là náà ló sì fi ń san owó ibi tí sáìtì wà.

Ní 2025 owó kòkó tún já wálẹ̀ gan-an, ojú àwọn tó ń sáré ra ilẹ̀ wálẹ̀, Google náà sì ti ń dáhùn ìbéèrè fúnra ẹ̀ lókè kéèyàn tó tẹ sáìtì ẹnikẹ́ni, àwọn ọmọ asáìmẹ́ńtì ò sì ní ìdí kan tí wọ́n á fi wọlé mọ́. Òǹkàwé péèjì àrùn yẹn ti lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń wo iye èèyàn nìkan á ní sáìtì ti kú. Fóònù màmá ṣì ń dún. Ó ní láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá nìkan lòun á máa san báyìí, ìgbà òjò, ọmọ gbà. Péèjì yíyan kòkó ṣì wà níbẹ̀, ó ti fi fídíò kún un, àbúrò ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, ó ń béèrè owó tiẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni owó orúkọ sáìtì máa pé, mo ti ní kó tètè mú un wá kí dọ́là tó tún yí padà.